Bí Ẹ̀rù Dókítà Eyín Bá Ń Bà Yín Nílùú Ọba

Ẹ̀rù dókítà eyín kì í ṣe ohun ìtìjú, ètò sì wà fún un nílùú Ọba: oògùn ìfarabalẹ̀ (sedation). Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sọ ọ́ jáde, wọn kò ní mọ̀. Orí fóònù tí ẹ ti ń gba àyè ni kí ẹ ti sọ ọ́, kí ẹ sì sọ èyí tó ń bà yín lẹ́rù gan-an: ṣé abẹ́rẹ́ ni, ṣé ìró ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín ni, àbí ìyà tí ẹ ti jẹ rí nígbà tí wọ́n yọ eyín yín. Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá rọrùn fún ìyá tàbí bàbá yín, ẹ béèrè ògbufọ̀. NHS, ètò ìlera ìjọba, ló ń sanwó rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ kékeré ṣe ògbufọ̀ ọ̀rọ̀ oògùn.

Ohun tó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà nìyí: oògùn ìfarabalẹ̀ nìkan kì í pa ìrora iṣẹ́ eyín. Ọkàn ló ń mú rọlẹ̀. Wọ́n á ṣì gún yín ní abẹ́rẹ́ tó ń mú èrìgì kú, àmọ́ ara yín á ti balẹ̀ kí wọ́n tó gún un. Ẹ ó máa gbọ́ ohùn dókítà, ẹ ó sì lè dá a lóhùn. Kí wọ́n kùn yín lóorun pátápátá, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Láti ìparí ọdún 2001, ilé ìwòsàn ńlá nìkan ni wọ́n ti lè ṣe é nítorí eyín.

Nínú àwọn oògùn ìfarabalẹ̀, gáàsì ló fúyẹ́ jù. Imú lẹ ó ti máa fà á, pa pọ̀ mọ́ ọ́síjìn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ara á dẹ̀, bí wọ́n bá sì ti fún yín ní ọ́síjìn nìkan fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́, ojú á ti là. Bí ọ̀fìnkìn bá dí yín nímú, kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Aboyún tí oyún rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ sọ.

Midazolam ni wọ́n sábà máa ń lò fún ẹ̀rù tó le. Wọ́n á ki páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ bọ iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ tàbí apá, wọ́n á sì máa fún yín díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa wo bí ara ṣe ń gbà á. Ẹ̀rọ kékeré kan á wà lórí ìka yín tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹ nu kùtẹ́ẹ̀sì kúrò, ẹ sì yọ èékánná àtọwọ́dá. Ọ̀pọ̀ kì í rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí àga náà.

Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, títí kan àgbo. Tramadol, codeine àti oògùn oorun máa ń fi kún agbára midazolam, èémí sì lè falẹ̀ jù. Erythromycin àti clarithromycin, àwọn oògùn apakòkòrò, kì í jẹ́ kó tètè kúrò lára. Ẹni tó bá jẹ́ SS, kí ó sọ ọ́ kí wọ́n tó dá ọjọ́ rárá, torí pé àìtó ọ́síjìn lè fa kíráísìsì. Dókítà eyín á fẹ́ bá àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun náà gbọ́dọ̀ sọ.

Kì í ṣe gbogbo dókítà eyín NHS ló ń fúnni ní oògùn ìfarabalẹ̀. Bí tiyín kò bá ṣe é, ẹ ní kó kọ lẹ́tà fún yín lọ sí Community Dental Service, ìyẹn ilé ìtọ́jú eyín NHS fún àwọn tí dókítà eyín lásán kò lè tọ́jú. Ẹ lè dúró pẹ́ kó tó kàn yín. Ní England, ní April 2025, £75.30 ni owó NHS fún dídí tàbí yíyọ eyín nígbà náà. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, aboyún, àti ìyá tó bímọ láàárín oṣù 12. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lè kọ fọ́ọ̀mù HC1 láti fi béèrè ìrànlọ́wọ́ lórí owó náà. Lọ́dọ̀ àwọn aládàáni, owó oògùn ìfarabalẹ̀ máa ń yàtọ̀ sí owó iṣẹ́ eyín; ẹ gba iye rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀ kí ẹ tó gbà.

Wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́. Lórí oúnjẹ, ẹ tẹ̀ lé ohun tó wà nínú lẹ́tà yín.

Níbi ẹni tó máa mú yín relé ni nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́. Bí ẹ bá dá nìkan wá gba midazolam, wọn kò ní ṣe é, wọ́n á dá yín padà ni. Àgbàlagbà ni wọ́n ń fẹ́, òun ni wọ́n á ṣàlàyé ìtọ́jú fún, òun ló sì máa wà pẹ̀lú yín títí di òru. Fún wákàtí 24, ẹ má wakọ̀, ẹ má dáná, ẹ má fọwọ́ sí ìwé pàtàkì, ẹ má sì dá wà pẹ̀lú ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó lóru, ẹ ti gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́ fún òru ọjọ́ náà kí ẹ tó gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà.