Ẹ̀yin Oníkajú Tó Ń Lọ Vietnam, Ẹ Ya Adágún Ba Bể Kí Ẹ Tó Padà Wálé

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí ìjọba Benin ti ní kí a má ta kajú tí a kò tíì fọ́ sókè òkun mọ́, ọ̀rọ̀ Vietnam ò kúrò lẹ́nu àwa oníkajú Ṣábẹ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń fọ́ kajú pọ̀ sí. Ẹni tó bá lọ wo ẹ̀rọ, apá gúúsù ló máa wà, ní Saigon àti Bình Phước, nínú ooru àti ariwo alùpùpù. Bó bá ti sanwó ẹ̀rọ tán, ilé ló ń sáré bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kún un, kí ẹ ya Ba Bể, adágún tó wà láàárín òkè ní apá àríwá.

Físà kò le. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ó ti gbà á, dọ́là 25 fún ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, 50 fún ẹni tó máa wọlé-jáde. Ẹ̀yin tí orúkọ yín gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀, ẹ kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú páásípọ̀ yín.

Ẹ wọ bàlúù láti Saigon lọ sí Hanoi, kò ju bíi wákàtí méjì lọ. Ní ibùdókọ̀ Mỹ Đình, ẹ béèrè ọkọ̀ Ba Bể. Ọ̀nà náà tó kìlómítà 230, òkè ló sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ máa ń jẹ́ kó bì, kó tètè gba ìjókòó iwájú.

Abúlé Pác Ngòi ni kí ẹ sùn sí, lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yà Tày. Ẹni tó ti dé Ganvié, abúlé orí omi ní Benin, á ní òun mọ ilé orí òpó, àmọ́ orí ilẹ̀ gbígbẹ ni tiwọn wà. Ẹ bọ́ bàtà sílẹ̀ kí ẹ tó gun àtẹ̀gùn. Ojúbọ àwọn baba ńlá wọn wà nínú ilé: ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì gbé báàgì síbẹ̀. Ìyẹn ò nílò àlàyé fún ọmọ Ṣábẹ.

Lálẹ́, ẹ ní kí wọ́n lu đàn tính fún yín. Akèrègbè ni ikùn rẹ̀, ọrùn rẹ̀ gùn, okùn rẹ̀ jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Mo fi èékánná kan tèyí tí onílé mi gbé wá, ó dún kó, bí igbá tó gbẹ dáadáa. Òun ni wọ́n fi ń ṣe Then, ètùtù tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àṣà ní 2019. Ti àlejò, eré ni. Bẹ́ ẹ bá bá ojúlówó rẹ̀ pàdé, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ gbàyè kí ẹ tó ya fọ́tò.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ háyà ọkọ̀ ojú omi, kí ẹ sì dúnàá-dúrà kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ ní kí awakọ̀ kọ́kọ́ gba odò Năng lọ sí ihò Puông, níbi tí odò ti gba inú òkè kọjá. Ó gùn tó mítà 300, àdán ló kún òkè rẹ̀. Èmi fi gèlè bo imú ni, òórùn wọn ò ṣe é fẹnu sọ. Lẹ́yìn náà, ìtàkìtì omi Đầu Đẳng, kí ẹ tó padà sórí adágún fúnra rẹ̀.

Láàárín adágún ni erékùṣù Opó wà. Wọ́n ní ìyá arúgbó alágbe kan, egbò bo gbogbo ara rẹ̀, wá síbi ọdún, gbogbo ìlú lé e. Opó kan àti ọmọ rẹ̀ ló gbà á sílé. Kó tó lọ, ó fún wọn ní eérú láti fi yí ilé ká àti èèpo ìrẹsì. Omi bo ìlú, èèpo di ọkọ̀, wọ́n sì fi ń yọ àwọn ènìyàn. Ilẹ̀ ilé wọn nìkan ni kò rì. Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ pa iná ẹ́ńjìnnì níbẹ̀.

Oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá dára. Láti oṣù karùn-ún sí ìkẹsàn-án, òjò máa ń rú omi náà pọ̀. Ní oṣù kejìlá, òtútù ibẹ̀ ju ọyẹ́ wa lọ, ẹ mú súwẹ́tà. Ẹja kéékèèké tí wọ́n fi igi gún tí wọ́n sun dùn, àmọ́ ẹ mú ata tiyín dání.

Ọkọ̀ ìpadà sí Hanoi, ẹ ní kí onílé bá yín pè é lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.