Bàbá, sociology náà lè di dókítà: fún àwọn ọmọ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ tó ń wá iṣẹ́ ìlera ní Amẹ́ríkà

Nígbà tí mo wá sinmi ní Kétu, nílẹ̀ Benin, lọ́dún tó kọjá, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kan tí bàbá mi kékeré ti wọlé, fóònù lọ́wọ́, ojú wọn le koko. Wọ́n ní kí n gbọ́ ohùn tí ọmọ àwọn fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ tayọ̀tayọ̀: "Bàbá, mo ti yan major mi o. Sociology ni." Ìyẹn ni pé ìmọ̀ nípa àwùjọ èèyàn ló máa gbájú mọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bàbá gbé fóònù sórí ẹní. "Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ará mọ́sálásí báyìí? Mo ti sọ fún gbogbo wọn pé iṣẹ́ dókítà lọmọ mi lọ kọ́."

Mo ní, "Bàbá, ẹ fara balẹ̀, kò tíì yà lọ́nà." Wọn ò gbà. Ẹ̀kọ àti àkàrà tí ìyàwó wọn gbé wá tutù kí n tó ṣàlàyé tán. Àlàyé ọ̀hún ni mo kọ síbí, torí kì í ṣe àwọn nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń rú lójú. Àwọn ọmọ wa tí lọ́tìrì físà gbé dé Amẹ́ríkà, àwọn tó bá òbí tàbí ọkọ lọ, gbogbo wọn ló ń bi mí: kí ni kí n kà kí n lè ṣiṣẹ́ ìlera?

Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé a gbé ọ̀nà ilé lọ sókèèrè. Nílé wa, ọ̀nà yẹn tààrà. Ọmọ tó fẹ́ ṣe dókítà á wọ série D, ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, á dojú kọ SVT (bàyọ́lọ́jì) àti PCT (físíìsì àti kẹ́mísírì), á ṣe BAC, ìdánwò àṣekágbá girama. Bí máàkì rẹ̀ bá tó, á wọ fákọ́tì ìṣègùn ní Kútọnù tàbí Parakou. Láti ọjọ́ yẹn ni àdúgbò ti ń kí i ní dókítà. Ẹ̀ka tí wọ́n bá fi ẹ́ sí ni wàá máa bá lọ títí wàá fi gbèjà thèse, ìwé ìwádìí àṣekágbá rẹ.

Ní Amẹ́ríkà, yàtọ̀ sí àwọn ètò díẹ̀ tí kì í gbà ju ọmọ díẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó ń ti ilé ìwé girama bọ́ sínú ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọdún 4 ló ṣáájú, nǹkan bíi credit 120 (credit ni wọ́n fi ń ka ìwọ̀n kíláàsì), tí wàá fi gba bachelor's, oyè àkọ́kọ́. Medical school ọdún 4 ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni residency, ìkọ́ṣẹ́ dókítà nílé ìwòsàn, ọdún 3 sí 7, ó dá lórí irú dókítà tí o fẹ́ jẹ́. Major ni ẹ̀kọ́ tí o gbájú mọ́ jù láàárín ọdún 4 àkọ́kọ́ yẹn. "Pre-med" tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ kì í sì í ṣe major ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Orúkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ fún ara rẹ̀ ni, bí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Alhaji nígbà tó ṣì ń dá àjọ owó Mẹ́kà.

Kí wá ni medical school ń bèèrè? Kíláàsì ni wọ́n ń bèèrè, wọn kì í bèèrè major. Ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ nìyí: bàyọ́lọ́jì ọdún kan, kẹ́mísírì gbogbogbò ọdún kan, kẹ́mísírì organic ọdún kan, físíìsì ọdún kan, gbogbo wọn pẹ̀lú lab, iṣẹ́ àfọwọ́ṣe tí à ń pè ní TP nílé, biochemistry, Gẹ̀ẹ́sì kíkọ, ìṣirò, pàápàá statistics. Lẹ́yìn ìyẹn ni MCAT, ìdánwò ìwọlé sí medical school, tó ń gba wákàtí méje àbọ̀ pẹ̀lú ìsinmi, tí máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 472 dé 528. Láti 2015 ni apá kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìdánwò yẹn ti ń dá lórí psychology àti sociology. Nígbà tí mo dé ibí yìí ni bàbá mi kékeré kọ́kọ́ bojú wo mi. "Sociology yẹn kan náà?" Mo ní òun náà ni.

Lọ́dọọdún ni AAMC, ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ọ̀hún, ń gbé àkọsílẹ̀ jáde nípa ohun tí àwọn tí wọ́n gbà kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwọn tó kọ́ bàyọ́lọ́jì ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ ìṣirò, ìmọ̀ àwùjọ, èdè àti lítíréṣọ̀ náà ń wọlé lọ́dọọdún. Ẹni tó bá yan bàyọ́lọ́jì kò ṣàṣìṣe o. Àwọn kíláàsì tí wọ́n ń bèèrè pọ̀ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti ṣètò. Ẹni tó yàn án torí pé ó bẹ̀rù bàbá rẹ̀ ni mo ń bá wí.

Èmi gan-an wà lára wọn. Sáà mi àkọ́kọ́, mo kó bàyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti calculus jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Gẹ̀ẹ́sì mi sì ṣì ń tiro. Wọ́n dá ìwé ìdánwò kẹ́mísírì àkọ́kọ́ padà, mo gba 72 nínú 100. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ẹ ṣírò ó: ó lé ní 14 lórí 20, mention Bien nìyẹn nílé wa! Mo pe ìyá mi ní Kétu, ìyá mi pe àwọn ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọmọ tó jókòó tì mí ní kíláàsì rọra bi mí pé, ṣé mo ti lọ bá olùkọ́, torí C ni mo gbà. C! Nílé wa, ẹni tó gba 16 ti di àmúyangàn CEG, ilé ìwé girama rẹ̀. Níbẹ̀, láti nǹkan bíi 90 lókè ni A ti ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìpíndọ́gba tí wọ́n ń pè ní GPA, tí 4.0 jẹ́ òkè rẹ̀, kì í gbójú fo ẹnì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń fara pa. A ti mọ́ rattrapage lára: o kùnà, o tún un ṣe, èyí tó dára ló kù sílẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ ní Amẹ́ríkà lè gbà kí o tún kíláàsì ṣe, ó tilẹ̀ lè fi èyí tuntun rọ́pò ti àtijọ́ nínú ìwé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá ń kọ̀wé sí medical school nípasẹ̀ AMCAS, ibi tí wọ́n ń gba ìwé ìbéèrè fún ọ̀pọ̀ medical school, méjèèjì ni wọ́n máa kà. D tí o gbà lọ́dún àkọ́kọ́ á bá ẹ dé ibẹ̀. Nítorí náà, bí kíláàsì bá ti fẹ́ gbé ẹ ṣubú, wo kàlẹ́ńdà ilé ìwé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wà tí o lè yọ orúkọ rẹ láìsí àmì kankan. Ọjọ́ míì wà níwájú tí o lè jáde kí wọ́n kọ W sí i. W kan ò pa èèyàn. Kọ́kọ́ bi ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ o, torí credit tó bá dín kù lè kan owó tí wọ́n ń fún ẹ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé yan major tí wàá lè ṣe dáadáa, tí wàá sì fẹ́ jí kà láàárọ̀. Máà kánjú. Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà kí o wọlé láìtíì yan ohunkóhun, "undeclared" ni wọ́n ń pè é, kí o sì yàn kí ọdún kejì tó parí. Ní sáà àkọ́kọ́, mú kẹ́mísírì, mú ìṣirò tó bá agbára rẹ mu, mú Gẹ̀ẹ́sì, kí o sì fi kíláàsì kan tí o ò mọ nǹkankan nípa rẹ̀ kún un: anthropology, economics, philosophy, èyí tó bá wù ẹ́. Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń bèèrè irú àwọn kíláàsì gbogbogbò yìí lọ́wọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, owó rẹ̀ kì í sábà ṣòfò. Lẹ́yìn náà, ṣí ìwé ètò kọ́lẹ́ẹ̀jì, wo gbogbo ohun tí major tó wù ẹ́ ń bèèrè, kí o sì fi àwọn kíláàsì ìṣègùn sáàárín rẹ̀, sáà sí sáà, lórí ìwé. Bí kò bá gbà á, o ti rí i lórí ìwé kó tó ná ẹ lọ́dún kan.

Rántí pé olùdámọ̀ràn méjì ni wàá ní. Ẹnì kan mọ major rẹ, ẹnì kejì mọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìlera, pre-health advisor ni wọ́n ń pè é. Ti àkọ́kọ́ lè fún ẹ ní ètò tó dára fún major, kó má sì rántí físíìsì rárá. Lọ bá àwọn méjèèjì. Má dúró dìgbà tí wọ́n bá pè ẹ́. Níbẹ̀, wọn kì í pe èèyàn.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló le jù fún àwa tí a ti ọwọ́ Faransé wá. Ìmọ̀ràn tó yá gbogbo èèyàn lẹ́nu ni pé kí ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò tíì jinlẹ̀ sá fún kíláàsì tó kún fún ìwé kíkà, kó dúró sọ́dọ̀ ìṣirò. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo fara mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn, rárá. MCAT ní apá kan tí wọ́n ń pè ní CARS, ìwé kíkà pátápátá, láti inú ìtàn, philosophy, iṣẹ́ ọnà, kò ní sáyẹ́ǹsì kankan nínú. Ẹni tó fi ọdún mẹ́rin sá fún ìwé kíkà, ibẹ̀ ló ti máa pàdé rẹ̀. Mo mọ ọmọ Àjàṣẹ́ kan tó fi Faransé ṣe major rẹ̀: wọ́n dán an wò, wọ́n fi í sí kíláàsì òkè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó wá fi àkókò tó ṣẹ́ kù dojú kọ kẹ́mísírì. Àwọn kan ní ẹ̀tàn ni. Mi ò rí ẹ̀tàn níbẹ̀.

Ẹlòmíràn, ohun tó ti rí nílé ló máa yan major fún un. Ẹni tó dàgbà lójú ọ̀nà Kétu sí Pobè mọ egbò Buruli, àrùn tí kòkòrò àìfojúrí ń fà, tó ń jẹ ara. Ilé ìtọ́jú rẹ̀ wà ní Pobè láti 2003, a sì mọ ìdílé tó kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó gbé e débẹ̀. Ìbéèrè tó wà nínú ìyẹn nìkan lè gbé ẹ lọ sí microbiology, sí ìlera àwùjọ, tàbí sí anthropology. Èyíkéyìí nínú wọn lè gbé ẹ dé ẹnu ọ̀nà medical school, ìwọ á sì ní ọ̀rọ̀ gidi sọ nígbà tí wọ́n bá bi ẹ́ pé kí ló dé tó fi wù ẹ́.

Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ẹ́, gbàgbé ìdajì ohun tí mo sọ. Nọ́ọ̀sì ní major tirẹ̀, wọ́n sì ń gba èèyàn sí i níwọ̀n. Tètè mọ̀. O lè gba ọ̀nà community college (kọ́lẹ́ẹ̀jì ọdún méjì), nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn tí o bá ti ka anatomy, physiology àti microbiology, tàbí kí o gba ọ̀nà ọdún 4; ìdánwò ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì kan náà, NCLEX-RN, ni gbogbo yín máa ṣe. Ẹni tó ti gba bachelor's nínú nǹkan míì tún lè ṣe ti kíákíá, oṣù 12 sí 18. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Nọ́ọ̀sì tó bá kàwé síwájú di nurse practitioner ń yẹ aláìsàn wò, ó sì ń kọ oògùn.

Apòògùn náà ní ọ̀nà tirẹ̀: PharmD, oyè apòògùn, ọdún 4 lẹ́yìn àwọn kíláàsì ìpìlẹ̀, ìdánwò ìwọlé PCAT tí àwọn ẹ̀gbọ́n yín ń sọ sì ti dópin láti 2024. Physical therapy (ìtọ́jú iṣan àti oríkèé) jẹ́ nǹkan bí ọdún 3 lẹ́yìn bachelor's. Fún wọn, àti fún dókítà eyín, kíláàsì ni wọ́n ń wò, major ò fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n.

Owó ńkọ́? Ẹni tó ní green card lè kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó, kó gba ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó wá pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gbà á, ọ̀pọ̀ medical school kì í sì í gbà á wọlé. Kó wo èyí dáadáa kó tó na owó bàbá rẹ̀ tán. Láti July 2026, òfin tuntun ti fi gbèdéke sí owó tí ẹni tó ń yá tuntun lè yá lọ́wọ́ ìjọba fún medical school: dọ́là 50,000 lọ́dún, 200,000 lápapọ̀. Nítorí náà, ọdún méjì ní community college lówó pọ́ọ́kú kì í ṣe ìtìjú. Kàn bi àwọn medical school tó wù ẹ́ bóyá wọ́n gba kẹ́mísírì tí o kà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń gbà á, àwọn kan sì fẹ́ kí o ka sáyẹ́ǹsì tó ga sí i ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọdún mẹ́rin.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ débí, bàbá mi kékeré dákẹ́ pẹ́. Wọ́n mú ẹ̀kọ tútù náà, wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n wá gbé fóònù sẹ́nu, wọ́n tẹ ohùn ránṣẹ́ sí ọmọ wọn: "Mo ti gbọ́ ti sociology. Kẹ́mísírì yẹn ńkọ́, èló lo gbà? Máà sọ ọ́ lórí 20 fún mi o. Ti ibẹ̀ ni kí o sọ."