Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Rábì Hásídì Ló Ni Ìwé Hébérù Àtijọ́ Kan

Ìwé Hébérù àtijọ́ ni mo ń tún dì ní Stamford Hill, àdúgbò tí àwọn Júù Hásídì, ìyẹn ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Júù tó ń tẹ̀lé rábì wọn tímọ́tímọ́, pọ̀ sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún kọkànlá mi rèé. Ohun tí wọ́n ń bi mí jù ni pé, "Ṣé òótọ́ ni pé rábì lágbájá ló ni ín?" Ọ̀rọ̀ náà ju owó lọ. Lójú Hásídì, ìbùkún ń bẹ lára ìwé tí olódodo fi gbàdúrà. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá fi irọ́ gba owó lọ́wọ́ ẹni tó gba èyí gbọ́.

Ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ó gbẹ dáadáa. Ọ̀tún ni wọ́n ti ń ka Hébérù, nítorí náà ibi tí àwa ń pè ní ẹ̀yìn ìwé ni iwájú rẹ̀. Ẹ ṣí i níbẹ̀, kí ẹ wá ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà. Bí àpẹẹrẹ, bí ẹ bá rí תקפד: ת jẹ́ 400, ק jẹ́ 100, פ jẹ́ 80, ד jẹ́ 4. Ẹ rò wọ́n pọ̀, 584. Ẹ fi 1240 kún un kí ọdún àwọn Júù lè di ọdún tí àwa ń kà, ó di 1824. Wọ́n tún lè fi ọdún pamọ́ sínú ẹsẹ Bíbélì kan. Àwọn lẹ́tà tó tóbi ju ìyókù ni kí ẹ rò. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ ìlú tàn yín. "Amsterdam" lè hàn gàdàgbà, kí lẹ́tà kéékèèké ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa sọ pé irú lẹ́tà Amsterdam ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ní ìlú mìíràn.

Ìṣirò yìí ló gba oníbàárà mi kan. Wọ́n ní Levi Yitzchok ti Berdichev, gbajúmọ̀ rábì Hásídì, ló ni ìwé tí wọ́n fẹ́ tà fún un. Ìlú Slavuta ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ní 1824. Rábì náà ti kú ní 1809.

Ẹ wá yẹ ewé òfìfo iwájú wò. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kọ ẹsẹ Sáàmù 24 síbẹ̀, "Ti Olúwa ni ilẹ̀ àti ẹ̀kún rẹ̀", kó tó kọ שייך ל, ìyẹn "ó jẹ́ ti", àti orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ kà á sí mi létí, n kò lè sọ̀rọ̀. Bí òǹtẹ̀ bá wà, ẹ wo ìlú tó wà nínú rẹ̀: ṣé rábì yẹn gbé ibẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tẹ ìwé náà? Bí זצ"ל bá tẹ̀lé orúkọ, olódodo tó ti kú ni wọ́n ń kọ ọ́ fún, àwọn ọmọ tàbí ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ló tẹ òǹtẹ̀ náà.

Ibi tí mo máa ń pẹ́ sí jù ni ihò kòkòrò. Ẹ mú awò tó ń mú nǹkan tóbi, kí ẹ wá ihò tó gba àárín lẹ́tà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ kọjá. Bí kòkòrò bá jẹ ìwé lẹ́yìn ìkọ̀wé, etí ihò á mọ́. Bí yíǹkì bá ṣàn wọ etí ihò, a jẹ́ pé ihò ti wà kí wọ́n tó kọ̀wé, ẹnìkan sì lè ti fi orúkọ náà kún un lẹ́yìn náà.

Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí pé ẹni tó ń tà á ló ni ín, torí ìwé rábì lè má jẹ́ ti ẹbí rẹ̀. Ní 1987, kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní Brooklyn dájọ́ pé ilé ìkàwé Rábì Yosef Yitzchak Schneersohn jẹ́ ti ìjọ Chabad, ìjọ Hásídì tó jẹ́ olórí fún, kì í ṣe ogún ẹbí.

Ẹ má fọ òǹtẹ̀, ẹ má gé etí ìwé. Ẹnìkan tó di ìwé kan ṣáájú mi ti ju ewé iwájú rẹ̀ nù. Orúkọ olówó rẹ̀ bá a lọ. Bí ewé bá já, ẹ fi í sínú àpòòwé, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ mọ́ ìwé náà. Bí ìwé bá sì ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ẹ gbé e lọ sí sínágọ́gù tó súnmọ́ yín. Wọ́n máa ń sin ín sí ilẹ̀.