Bí mo ṣe ń wá owó ìwádìí láti Ifẹ̀: fún ẹ̀yin kúrétọ̀ tí ẹ ò ní ọ̀gá

Ìyá mi máa ń sọ fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé iṣẹ́ ọmọ òun ni kó máa bá àwọn oníṣẹ́ ọnà to àwòrán sára ògiri. Kò parọ́, iṣẹ́ kúrétọ̀ nìyẹn. Ohun tí kò mọ̀ ni pé kí àwòrán kan tó dé ara ògiri, mo lè ti fi ọdún méjì jókòó ti àwọn àgbàlagbà lẹ́yìnkùlé wọn ní Ìlódè, kí n gba ohùn wọn sílẹ̀, kí n ya fọ́tò, kí n tún wọ ilé ìkàwé lọ ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ. Ta ló ń sanwó ọdún méjì yẹn? N kì í ṣe òṣìṣẹ́ yunifásítì, nítorí náà owó TETFund, tí ìjọba ń fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga, ò kàn mí. N kò sí lábẹ́ ilé ìfihàn kankan. Lágere ni mo ń gbé, yàrá kan ni ọ́fíìsì mi, ó sì ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń wá gírántì kiri. Àwọn àbúrò máa ń pè mí pé, "Àǹtí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é gan-an?" Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí etí mi lè sinmi.

Ìbéèrè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, kì í ṣe owó

Orí àwọn akunlé ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe lọ́wọ́ dá lé, àwọn obìnrin tó ń kun ògiri ojúbọ nígbà tí ọdún òrìṣà bá ń sún mọ́. Ẹfun ni funfun wọn, osùn ni pupa, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń po dúdú. Ní 1989, Moyọ̀ Òkédìjí, Kúnlé Fìlání, Tọ́lá Wewe, Bọ́lájí Campbell àti Túndé Násírù dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀. Wọ́n ní kí ayàwòrán Yorùbá kọ́kọ́ wo ọnà ilé. Erùpẹ̀ ilẹ̀ wa wọ inú àwọ̀ tí àwọn kan nínú wọn fi ń yàwòrán. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tó kúrò lára ògiri ojúbọ tó lọ sórí kánfáàsì, àti bí àwọn obìnrin yẹn ṣe rí i sí.

Ẹ wò ó bí mo ṣe sọ ọ́ yìí, ó ti yéni díẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nínú àbá, ìyẹn ìwé tí a fi ń béèrè owó, tí mo kọ́kọ́ kọ, ojú ewé mẹ́wàá ni mo fi sọ pé mo fẹ́ dáàbò bo àṣà Yorùbá kó má baà parun. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi dá mi lóhùn: ẹ ṣeun, kò bọ́ sí i. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ka àbá náà ṣàánú mi, ó kọ̀wé sí mi. Ìbéèrè méjì péré ló bi mí: ògiri wo? Ọwọ́ ta ló kùn ún? Inú bí mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó yá ni mo rí i pé n kò lè dáhùn ìkankan nínú méjèèjì.

Látìgbà náà, kí n tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù, mo máa ń kọ ojú ewé kan lédè Yorùbá, mo á sì kà á sétí ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Odò-Ogbè. Tó bá ní, "Ẹn-ẹn, ó dáa," mo ti mọ̀ pé kò dáa. Ìgbà tó bá gbé igbá sílẹ̀ tó ní, "Dúró ná, èwo nínú àwọn ìyá yẹn ló ṣì wà láyé?" ni mo tó máa ń lọ kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ má sì fi orí idẹ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń ka àbá láti Ifẹ̀ ló ti mọ àwọn orí tí wọ́n hú nílẹ̀ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé. Bí ẹ bá fi ìpínrọ̀ mẹ́ta sọ ọ́ fún wọn, ẹ ti fi ìpínrọ̀ mẹ́ta sọ ohun tí wọ́n mọ̀. Gbólóhùn kan tó. Kẹ́ ẹ sì yára dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà láàyè.

Owó kọ̀ọ̀kan àti ohun tó ń wá

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé èèyàn á kọ àbá kan, á wá fi í ránṣẹ́ sí ibi mẹ́wàá. Owó kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń wá kiri.

Ìwọ gan-an ni àwọn kan ń wá. Prince Claus Fund ní Amsterdam, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996, ní ẹ̀bùn tí wọ́n ń pè ní Seed Awards fún àwọn tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́: ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ́dún, 5,000 yúrò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìwọ lo máa pinnu bí o ṣe máa ná an, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọdé pé ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Foundation for Arts Initiatives náà ti fún kúrétọ̀ lówó ìwádìí àti ìrìn àjò rí. Ní irú ibi báyìí, bí ìrònú yín ṣe ń rìn ni wọ́n fẹ́ rí, nítorí náà ẹ má fi orúkọ ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ dá sílẹ̀ láàárọ̀ àná bo ara yín mọ́lẹ̀.

Ohun tó fẹ́ sọnù ni àwọn mìíràn ń wá. Endangered Material Knowledge Programme wà ní British Museum, àjọ ọlọ́rẹ tí wọ́n ń pè ní Arcadia ló ń fún un lówó, ìmọ̀ ọwọ́ ló sì wà fún: bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan, ohun èlò rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n. Gírántì kékeré wọn máa ń tó 15,000 pọ́ùn. Iṣẹ́ àwọn akunlé bọ́ síbẹ̀ rẹ́gí. Tó bá jẹ́ ìwé àti fọ́tò àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ yín, bí àpótí fọ́tò bàbá onífọ́tò kan ní Ìlarè, Endangered Archives Programme ti British Library, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ̀dà lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń fẹ́, ojúlówó kì í kúrò ní orílẹ̀-èdè. Ẹ sọ èyí fún ẹbí onífọ́tò náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù nìyẹn.

Àwọn méjèèjì yìí fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kan gbà yín mọ́ra, nítorí pé ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ni owó ń gbà kọjá. Ibi tí àwa tí a dá dúró ti máa ń kọsẹ̀ nìyí. Ẹ̀ka kan ní yunifásítì lè gbà yín, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lè gbà yín, àmọ́ ẹ lọ bá wọn ní oṣù mẹ́rin ṣáájú gbèdéke. Kẹ́ ẹ sì béèrè lójúkojú iye tí wọ́n máa yọ nínú owó náà. Ibì kan tí n kò ní dárúkọ kò sọ fún mi àfi lọ́jọ́ tí owó wọlé.

Ìrìn àjò ńkọ́? CIMAM, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn ilé ìfihàn iṣẹ́ ọnà òde òní, máa ń gbé kúrétọ̀ lọ sí àpérò ọdọọdún rẹ̀. Independent Curators International ní New York ní ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní Curatorial Intensive. Kí ẹ tó ronú òkè òkun, ẹ wo ìtòsí: G.A.S. Foundation tí oníṣẹ́ ọnà Yínká Shóníbárẹ́ dá sílẹ̀ ń gba olùwádìí lálejò ní Èkó àti lóko rẹ̀ ní ìhà Ìjẹ̀bú, ìwé iṣẹ́ ọnà sì pọ̀ níbẹ̀. CCA Lagos, ilé iṣẹ́ ọnà òde òní tí kúrétọ̀ Bísí Silva dá sílẹ̀ ní 2007, ní ilé ìkàwé tí mo máa ń wọ mọ́tò láti Ifẹ̀ lọ kà. Kò sí fisà nínú rẹ̀.

Tó bá jẹ́ àfihàn lẹ́ ti fẹ́ ṣe, ilé ìfihàn apexart ní New York ń gba àbá tí kò kọjá 500 ọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ ò tilẹ̀ fi í ránṣẹ́, ẹ kọ ọ́. Iṣẹ́ ńlá ni kéèyàn rò tán ní 500 ọ̀rọ̀.

N kò san owó fọ́ọ̀mù rí. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sanwó kó tó fún yín lówó, ẹ̀yin náà ẹ mọ orúkọ rẹ̀.

Àwọn lẹ́tà

Bí iṣẹ́ yín bá kan ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ rántí pé òfin wà. Òfin 77 ti 1979 ló dá NCMM sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ ò gbọdọ̀ wa ilẹ̀ wá nǹkan láìgba ìyọ̀ǹda, ohun àtijọ́ kì í sì í jáde kúrò ní Nàìjíríà láìsí ìwé. Àpáàdì inú ọ̀nà àtijọ́ tí òjò hú jáde lẹ́yìnkùlé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé sí báàgì lọ London, bó ti wù kó kéré tó. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀ wà ní Ẹ̀nuwà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Ẹ lọ kí wọn, ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ yín, ẹ gba lẹ́tà. Ẹ tún lọ bá baálé agbo ilé tí ojúbọ náà wà, torí lẹ́tà ààfin kò ṣí ilẹ̀kùn tí àwọn onílé tì. Ní ti àwọn tó máa jẹ́rìí yín, ẹni tó ti bá yín ṣiṣẹ́ dé òógùn ló dára ju olóyè tí kò mọ̀ ju orúkọ yín lọ.

Ìṣirò owó: ibí ni mo ti fẹ́ pẹ́

Ní oṣù kẹrin 2023, ẹnì kan gbà láti fún mi lówó, náírà la sì fi ṣèṣirò. Kí owó tó wọlé, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún, epo tó jẹ́ nǹkan bíi náírà 190 fò kọjá 480. Ní oṣù kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan tó jẹ́ bíi 460 ní báǹkì kọjá 700. Owó tí mo fẹ́ fi ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́fà kò pé mẹ́ta. Látọjọ́ náà, owó ẹni tó ń fúnni ni mo fi ń ṣèṣirò, yúrò tàbí dọ́là, mo sì ń fi ìdá mẹ́wàá sílẹ̀ fún ìyípadà. Ẹ ṣí àkáǹtì dọ́là kẹ́ ẹ tó béèrè owó, kí orúkọ orí rẹ̀ sì bá ti ìwé ìrìnnà yín mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Orúkọ ọkọ wà nínú tèmi kan, kò sí nínú èkejì; ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni báǹkì fi gbé owó mi jókòó.

Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ máa ná: epo jẹnẹrétọ̀, dátà, kẹ̀kẹ́ Máruwá láti Lágere dé Ìlódè nígbà ogójì, owó ẹni tó máa tú ohùn sórí ìwé. Wákàtí kan ohùn ìyá àgbà tó ń sọ ẹ̀ka-èdè Ifẹ̀ máa ń gba ọmọ tó mọ̀ ọ́n kọ ní odindi ọjọ́ kan, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sì fi owó iṣẹ́ tiyín sí i. Ojú máa ń tì wá. Ọdún mẹ́ta gbáko ni n kò fi owó ara mi sí ìṣirò kankan, àwọn tó ń kà á sì rò pé ọkọ mi ló ń bọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ obì wá kù. Ẹ ò lè wọ ojúbọ lọ́wọ́ òfo. Obì àbàtà, orógbó, ọtí, ó lè jẹ́ owó díẹ̀ lábẹ́ ẹní. Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń fi wọ́n pa mọ́ sábẹ́ "oúnjẹ", ó sì ń dà mí láàmú nítorí pé irọ́ ni. Mo wá kọ ọ́ bó ṣe rí: obì àti ìkíni, àwọn ojúbọ mẹ́ta, ìgbà mẹ́rin. Mo fi gbólóhùn méjì ṣàlàyé pé ìkíni ni ó ń ṣáájú ọ̀rọ̀ níbí, ẹni tí kò bá kí kò ní gbọ́ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ béèrè bóyá ó tó.

Rìsíìtì ńkọ́? Elérùpẹ̀ ò ní rìsíìtì, ìyá ẹlẹ́fun ò ní in. Mo ra ìwé kékeré kan, mo fa ìlà sí i: ọjọ́, orúkọ, ohun tí a rà, iye, ìfọwọ́sí. Mo ní kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ tẹ̀ka. Ìyá kan ká ọwọ́ rẹ̀ kò, ó ní, "Ṣé ilẹ̀ mi lẹ fẹ́ gbà ni?" N kò bá a jiyàn. Ní Ifẹ̀, ìka tí bàbá ẹnì kan tẹ̀ sórí ìwé tí kò yé e ti di ẹjọ́ tó pẹ́ ju bàbá náà lọ. A pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó ka ìwé náà sókè fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ya ojú ewé náà sórí fóònù tirẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó tẹ̀ka. Bí mo ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyẹn báyìí.

Ọjọ́ tí ẹ máa fi í ránṣẹ́

Àárín òru Amsterdam nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago mọ́kànlá alẹ́ ni níbí. Ti New York, aago márùn-ún tàbí mẹ́fà ìdájí wa ni. Ẹ má dúró dè é. Ẹ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, torí iná ò mọ gbèdéke.

Bí owó bá sì dé, nínú ìṣirò náà kan náà ni kẹ́ ẹ ti yọ owó tẹ́ ẹ máa fi tẹ fọ́tò padà fún àwọn tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀. Mo gbé tèmi lọ fún ìyá tó tẹ̀ka yẹn lọ́dún tó kọjá, fọ́tò ògiri rẹ̀, mo fi gíláàsì sí i. Ó gbé e jìnnà sí ojú, ó gbé e súnmọ́, ó ní osùn yẹn kò pọ́n tó, pé ta ló bà á jẹ́. Mo gbé e padà lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Nínú ìṣirò tí mo ṣe ní oṣù tó kọjá, ìlà kan wà níbẹ̀: títẹ fọ́tò, lẹ́ẹ̀mejì.