Ọmọ Tó Ní ADHD: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Òbí

Pàṣán ni ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ máa ń mú. Ọmọ ò lè jókòó jẹ́ẹ́, ó ń já lu ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ojoojúmọ́ ló ń sọ báírò nù. Wọ́n á ní olóríkunkun ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹgba sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ADHD, ìyẹn ìṣòro tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè fọkàn sí nǹkan tàbí kó jókòó jẹ́ẹ́. Bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni kò jẹ́ kó lè kó ara rẹ̀ níjàánu, ADHD sì máa ń rìn nínú ẹbí: nígbà mìíràn, bàbá tó ń nà án gan-an ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní kékeré.

Ẹ má rò pé ọmọ tó ń fò kiri nìkan ló ń ní in. Ọmọbìnrin tó jókòó pẹ̀sẹ̀ ní kíláàsì, tí ọkàn rẹ̀ ti lọ, tí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ kì í parí, lè ní in. Kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í tètè fura.

Ẹ má sì dá a sọ fúnra yín pé ADHD ni. Dókítà máa ń wò ó bóyá àwọn àmì náà ti wà fún oṣù 6 ó kéré tán, bóyá wọ́n ti hàn kí ọmọ tó pé ọdún 12, bóyá wọ́n sì wà nílé àti níléèwé. Tó bá jẹ́ iléèwé nìkan, ẹ yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ pé kò rí pátákó ni. Ọmọ tó ń hanrun mọ́jú lè máà lè fọkàn sí nǹkan lọ́sàn-án. Èyí tó ń ranjú lójijì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí kò gbọ́ ìpè, wárápá tí kì í gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ lè wà lára rẹ̀.

Nílé, àṣẹ tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. "Lọ bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, fọ abọ́, kó o gbé ìwé rẹ wá": ó lè má rántí ìkankan. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ pe orúkọ rẹ̀, kó wojú yín (lóòótọ́ a kì í fẹ́ kí ọmọdé máa wo àgbà lójú, àmọ́ ẹ gbà á láyè níbí), ẹ sọ ohun kan ṣoṣo, kó tún un sọ fún yín. Tó bá ti ṣe é, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀bùn tó di òpin oṣù ti jìnnà jù fún un. Ẹ gé iṣẹ́ àṣetiléwá sí ìṣẹ́jú 10 sí 15, kó dìde díẹ̀ kó tó padà sí i.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, kíkọ́ òbí ní bí wọ́n ṣe máa tọ́ ọ ló ṣáájú oògùn. Fún àwọn tó ti pé bẹ́ẹ̀, dókítà lè kọ oògùn tó ń jẹ́ methylphenidate, èyí tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti mílígírámù 5 láàárọ̀ àti 5 lọ́sàn-án, kó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Nítorí náà, ẹ má pa á tì torí pé ìwọ̀n àkọ́kọ́ kò ṣe nǹkan. Ẹ má fún un nírọ̀lẹ́, kò ní lè sùn. Kì í jẹ́ kí oúnjẹ wu ọmọ jẹ. Kó jẹun àárọ̀ dáadáa kó tó lò ó. Èyí tí wọ́n ṣe kó pẹ́ lára, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má lọ̀ ọ́. Kí wọ́n sì máa wọn ìwúwo, gíga àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbàkigbà tó bá lọ rí dókítà.

Orúkọ ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro tàbí Yaba máa ń ba òbí lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ka ọmọdé wà níbẹ̀, ó wà ní UCH Ìbàdàn pẹ̀lú. Ẹ mú káàdì èsì iléèwé àti lẹ́tà tíṣà dání; dókítà fẹ́ mọ bí ọmọ ṣe ń ṣe níbi tí ẹ ò sí.