Bí a ṣe ń ka Ṣémà, ìjẹ́wọ́ pé ọ̀kan ni Ọlọ́run

Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni àwọn Júù ń ka Ṣémà, ní alẹ́ àti ní òwúrọ̀. Ibi mẹ́ta nínú Bíbélì ló para pọ̀ di odindi rẹ̀: Deuterónómì 6:4-9, 11:13-21, àti Númérì 15:37-41.

Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún bo ojú kí ọkàn má baà pínyà, kí ẹ wá ka ẹsẹ àkọ́kọ́ sókè: "Shema Yisrael, Adonai Eloheinu, Adonai Echad" ("Gbọ́, Ísírẹ́lì: Olúwa Ọlọ́run wa, Olúwa kan ni"). Echad, "ọ̀kan", ló gba ìfarabalẹ̀ jù. Dálẹ́tì, lẹ́tà Hébérù kan, ló parí rẹ̀. Bí ẹnu bá ṣì í pè bíi réṣì, lẹ́tà Hébérù mìíràn, ó di acher, "òmíràn", ìjẹ́wọ́ náà sì bàjẹ́ pátápátá. Abájọ tí wọ́n fi ń kọ dálẹ́tì yẹn gàdàgbà nínú àkájọ ìwé Tórà, ìwé Òfin Mósè! Gbólóhùn ìyìn tó tẹ̀ lé ẹsẹ àkọ́kọ́ yìí, wúyẹ́wúyẹ́ ni kí ẹ kà á.

Kristẹni ni yín? Ẹ ka Máàkù 12:29, níbi tí Jésù ti fa ẹsẹ yìí gan-an yọ, lẹ́yìn náà 1 Kọ́ríńtì 8:6. Ẹ má ṣe ka Mẹ́talọ́kan sí ọlọ́run mẹ́ta: Ọlọ́run kan ni, Ẹni mẹ́ta. Àwọn Júù kò gba èyí.