Àwọn Àṣìṣe Tí Àlejò Máa Ń Ṣe Níwájú Ọ̀nì Omi Dídùn

Àṣìṣe tí ó léwu jù lọ fún àlejò ní àríwá Ọsirélíà ni kí ó gbà pé ọ̀nì yòówù tí òun bá rí nínú odò tí kò ní iyọ̀, ọ̀nì omi dídùn ni. Ọ̀nì omi iyọ̀, tí akọ rẹ̀ lè gùn ju mítà 5 lọ, tí ó sì máa ń pa ènìyàn, a máa gba ẹnu odò wọlé títí dé ibi tí omi ti dùn.

Nítorí náà, ó dára kí ẹ kọ́kọ́ fara balẹ̀ wo àwọn méjèèjì ní ọgbà ẹranko, irú Crocodylus Park ní ìlú Darwin. Ẹ má fi ìtóbi nìkan dá wọn mọ̀, nítorí pé ọ̀nì omi iyọ̀ tí kò tíì dàgbà náà kéré. Ẹnu ni kí ẹ wò: ti ọ̀nì omi dídùn gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó yẹ fún ẹja, kòkòrò àti edé mímú, ṣùgbọ́n ti èkejì fẹ̀, ó sì ki. Ẹ tún wo ẹ̀yìn orí ọ̀nì omi dídùn gan-an, níbi tí ìpẹ́ ńlá mẹ́rin ti tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àwọn ìpẹ́ wọ̀nyí kì í sábà sí lára ọ̀nì omi iyọ̀.

Ẹlòmíràn á gbọ́ pé ọ̀nì omi dídùn kì í dọdẹ ènìyàn, á wá gbé ọmọ jókòó sórí irin ọgbà nítorí fọ́tò. Kò yẹ bẹ́ẹ̀ rárá. Bí a bá yọ ọ́ lẹ́nu, ó ń géni jẹ, eyín rẹ̀ sì mú.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti àwọn tí ń sọ òkúta tàbí owó ẹyọ lù ú nítorí pé kò mira. Ọ̀nì tí ó dùbúlẹ̀ sínú oòrùn, tí ó la ẹnu sílẹ̀, kò bínú, kò sì kú. Ooru ara rẹ̀ ni ó ń dín kù. Owó ẹyọ tí ó bá gbé mì lè wà nínú ikùn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí ó sì ṣe é léṣe.

Bí ẹ bá ti ọgbà ẹranko lọ sí Nitmiluk, igbó àbójútó ìjọba kan ní àríwá Ọsirélíà, ẹ má ṣe tẹ iyanrìn etí odò tí wọ́n ti fi àmì dí. Inú ihò tí ó gbẹ́ sínú iyanrìn ni abo ọ̀nì omi dídùn ń yé ẹyin sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ènìyàn kò sì lè rí ihò náà kí ó tó tẹ̀ ẹ́.